Ẹ má dúró de iná kẹ́ ẹ tó sá: ìdáhùn fún ìyá kan l'Ádó-Èkìtì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ní Pozzuoli lẹ́bàá Naples ní Ítálì, òun àtìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ọwọ́. Ó ní ilẹ̀ ń mì lóòrèkóòrè, wọ́n ní òkè ayọnáyèéfín ló wà lábẹ́ wọn. Ẹnì kan wá fi fọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé tó bá bú, kí wọ́n gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, kí wọ́n fi táwẹ̀lì tútù dí ẹnu ọ̀nà, pé iná yẹn kì í yára rìn. Ṣé òótọ́ ni? Ìkógòsì tiwa náà ńkọ́, ṣé kò ní bú lọ́jọ́ kan?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ n tètè kúrò lórí Ìkógòsì: rárá. Omi òjò ló ń wọnú ilẹ̀ lọ jìnnà gba inú àpáta tó ti sán, ooru inú ilẹ̀ mú un gbóná, ó wá gba ibòmíì jáde. Kò sí fọ́kánò, ìyẹn òkè ayọnáyèéfín, níbẹ̀. Àpáta Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ náà, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò sóhun tó fẹ́ ti ibẹ̀ jáde. Tọmọ yín ló ká mi lára.

Fọ́ìsì nóòtù yẹn, ẹ pa á rẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Wọ́n ti fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láìmọye ìgbà, inú sì ń bí mi, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ á jókòó sílé títí tí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́. Àpáta yíyọ́ pupa tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù, lóòótọ́ ó lè rọra máa ṣàn nígbà míì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pààyàn jù. Èyí tó burú ni èéfín gbígbóná tó dà pọ̀ mọ́ eérú àti òkúta tó ń ya bo ilẹ̀, a máa ń pè é ní pyroclastic flow, ó lè sáré ju 100 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan, ooru ẹ̀ lè kọjá digirí 300. Ọ̀kadà ò lè sá fún un. Ní May 8, 1902, irú ẹ̀ bọ́ sórí ìlú Saint-Pierre ní erékùṣù Martinique, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, èèyàn bíi 28,000 ti kú, ilé olókùúta sì wà níbẹ̀ o, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀. Kí ni táwẹ̀lì tútù fẹ́ ṣe síyẹn?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ táwẹ̀lì ti wá. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, tó jẹ́ pé eérú nìkan ló ń bọ́ lù ú, òun la máa ń sọ fún pé kó tilẹ̀kùn, kó dí ojú fèrèsé, kó sì wọ máàsìkì tó dáa. Òun náà ò gbọdọ̀ sá lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Eérú tí òjò bá rin máa ń wúwo gan-an, ní fọ́kánò Pinatubo ní Philippines lọ́dún 1991, òrùlé tó wó lu àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ló pa èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó kú lọ́jọ́ tó bú yẹn.

Pozzuoli kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Orí fọ́kánò Campi Flegrei gan-an ló wà, kì í ṣe òkè ṣóńṣó, kòtò ràgàjì tí wọ́n kọ́lé kúnnú ẹ̀ ni, èèyàn bíi 500,000 ló ń gbé zona rossa, ìyẹn ibi tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kúrò. 1538 ló bú kẹ́yìn. Láàárín 1982 sí 1984 ilẹ̀ ibẹ̀ ga sókè tó mítà méjì ó dín díẹ̀, wọ́n kó èèyàn bíi 40,000 kúrò, kò sì bú. Ní báyìí ó tún ti ń ga, débi pé ní èbúté àwọn apẹja níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ti ń jókòó sórí ẹrẹ̀ níbi tó ti ń léfòó tẹ́lẹ̀. Torí náà kí ilẹ̀ máa mì ò ní kó bú lọ́la, kò sì ní kó má bú.

Àwọ̀ mẹ́rin ni ìjọba wọn fi ń kìlọ̀ nípa fọ́kánò yẹn: àwọ̀ ewé, yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn, pupa. Láti December 2012 ni wọ́n ti wà ní yẹ́lò. Tó bá di ọsàn, wọ́n á kó àwọn aláìsàn ọsibítù, ẹni tó bá sì fẹ́ dá lọ fúnra ẹ̀ lè máa lọ. Tó bá di pupa, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ kúrò láàárín wákàtí 72, àwọn ará Pozzuoli ń lọ sí Lombardia, lápá àríwá Ítálì. Ètò ni wákàtí 72 yẹn o, fọ́kánò ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Fọ́kánò Nyiragongo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Goma ní Congo bú lálẹ́ May 22, 2021 láìsí ìkìlọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n tó ní kí àwọn èèyàn kúrò. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ọsàn ni mo máa ní kó ti máa lọ.

Mi ò sí ní Ítálì, ohun tí Protezione Civile, àjọ ìjọba wọn tó ń bójú tó àjálù, bá sọ ni kó tẹ̀ lé, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n kó lọ sí comune, ìyẹn kánsù wọn, lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì á ti kó àwọn àdúgbò wọn. Kó di báàgì kan sẹ́nu ọ̀nà: pásípọ́ọ̀tù, permesso (ìwé àṣẹ ìgbélùú), ìwé ìbí ọmọ, oògùn, mílíìkì. Tí ògiri ilé tó háyà bá ti ń sán, kó pe panápaná wá wò ó, torí ilé tó wó nígbà tí ilẹ̀ bá mì ló súnmọ́ ọn jù báyìí, kò sì ní dúró de àwọ̀ kankan.