Ẹ bi wá: Àbẹ́là inú ápù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹ̀kọ́ Waldorf kékeré (irú èyí tó ń tẹ̀lé ìlànà ẹ̀kọ́ Rudolf Steiner) tọ́mọ mi ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣe ọgbà Advent, ayẹyẹ ìgbà tó ṣáájú Kérésìmesì, níbi táwọn ọmọ ti ń gbé àbẹ́là tí wọ́n kì bọ inú ápù gba ọ̀nà tó yípo lọ tanná ní àárín. Kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Iná ni. Ẹ̀ka igi tútù lẹ ó tò yípo bí ìkarahun ìgbín. Ẹ gé e lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó ti gbẹ máa ń tètè gbiná. Kí ọ̀nà fẹ̀ tó mítà kan.

Ihò ápù ni wàhálà sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ̀ ju ìdí àbẹ́là lọ, àbẹ́là á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìda gbígbóná á kán sọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ kó fún dáadáa.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kó máa wọlé, kó tanná lára àbẹ́là àárín, kó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ẹ di irun wọn, ẹ bọ́ síkáàfù, kí garawa omi wà nítòsí.

Àbẹ́là oníbátìrì? A ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó dáa fáwọn tí kò tíì pé ọdún 4.