Èsì: Ṣé kí n fi sóyà rọ́pò kúlíkúlí fún màlúù mi tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà ẹran o. Ẹ ní màlúù mẹ́rin tẹ́ ẹ̀ ń fún wàrà wọn ní Iléṣà ń ya ìgbẹ́ gbuuru látìgbà tẹ́ ẹ ti ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kúlíkúlí kílò 2 lójúmọ́, wàrà ò sì lé sí i. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ yí i sí sóyà, àbí kẹ́ ẹ gba ti òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó ní kẹ́ ẹ bu yùríà, kẹ́míkà funfun tí wọ́n tún ń lò bí ajílẹ̀, díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti yùríà yẹn, torí ibẹ̀ ni iná ti jó mi.

Ṣàkì tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú ọbẹ̀, ìkòkò ìpọntí ni nígbà tí màlúù wà láàyè. Kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ò lóǹkà, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ tẹ́ ẹ gbé sílẹ̀. Wọ́n á fọ́ pùròtéènì rẹ̀ di amóníà, èyí tó máa ń ta bí òórùn ìtọ̀, wọ́n á fi amóníà náà kọ́ ara tiwọn, bí wọ́n bá sì bá oúnjẹ ṣàn dé ìfun, ìfun á fa pùròtéènì ara wọn mọ́ra. Ohun tó ju ìdajì lọ nínú pùròtéènì tí ìfun ń rí gbà, ara àwọn kòkòrò yìí ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n wọn ò lè lo amóníà láìsí oúnjẹ agbára, bí èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tàbí èérí ọkà, nínú abọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Èyí tí wọn ò bá rí lò á gba ara ṣàkì wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di yùríà, màlúù á tọ̀ ọ́ dànù. Bẹ́ ẹ bá wọ ọgbà láàárọ̀ tí òórùn ìtọ̀ ń ta yín lójú, ẹ ti mọ ibi tí owó kúlíkúlí ń gbà lọ.

Yùríà ò ní pùròtéènì kankan nínú. Naitirójìn 46% ló wà nínú rẹ̀, òun ni kòkòrò ṣàkì ń sọ di amóníà. Ilé àyẹ̀wò á fi 6.25, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò pùròtéènì láti ara naitirójìn, sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 287%, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé òun ti rí ohun tó ju sóyà lọ. Ọgbọ́n yẹn kan náà lèèyàn fi lè gbé nọ́ńbà ara àpò oúnjẹ ẹran sókè. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń sọ pé "ẹ bu díẹ̀" kì í sọ iye tí díẹ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ ju kílò 1 lọ nínú oúnjẹ pípò kílò 100, ọ̀sẹ̀ 3 lẹ ó sì fi gùn ún débẹ̀. Ẹ má fún ọmọ màlúù, ṣàkì tirẹ̀ ò tíì gbó. Ẹ má fún èyí tí ebi ti ń pa. Ẹ má pò ó mọ́ sóyà tútù, torí ohun kan wà nínú sóyà tútù tó ń yára sọ yùríà di amóníà. Ẹ má dà á sínú omi mímu, ẹ má sì jẹ́ kí òjò rọ̀ sínú ọpọ́n oúnjẹ: gbogbo yùríà á yọ́ sísàlẹ̀, màlúù tó bá lá omi yẹn á gba ti ọjọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó má dì ní kóló-kóló nínú oúnjẹ.

Gíráàmù 100 ti tó láti kó ìyọnu bá màlúù kílò 250 tí kò jẹ ẹ́ rí; ìlọ́po 3 rẹ̀ lè pa á. Etí á máa gbọ̀n, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀, ikùn apá òsì á wú, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Nígbà míì, kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ lẹ́yìn tó jẹun. Omi tútù lítà 20 sí 40 pẹ̀lú fínígà lítà 2 sí 6 ni dókítà ẹran máa ń fi rọ́bà dà sí i níkùn. Ẹ má fi ìgò rọ ọ́ nígbà tó ń gbọ̀n, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Fínígà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré lọ wá ní ọjà Atakúnmọ́sà kò ní bá a láàyè. Bí kò bá sí nílé, ẹ má ra yùríà.

Ó yá, kúlíkúlí. Pùròtéènì ẹ̀pà máa ń yára fọ́ nínú ṣàkì, kílò 2 lójijì sì ju ohun tí kòkòrò lè gbà lọ. Bó bá tún jẹ́ kúlíkúlí ọjà, wọ́n ti dín in. Òróró tó bá ti ju 6% lọ nínú gbogbo oúnjẹ ẹran, á máa dí àwọn kòkòrò tó ń fọ́ koríko lọ́wọ́, ẹ ó sì máa rí èèsún gbọọrọ nínú ìgbẹ́. Sóyà tútù ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà yára fọ́, òróró inú rẹ̀ sì ń lọ sí 20%. Bẹ́ ẹ bá yan án kó pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, púpọ̀ rẹ̀ á kọjá ṣàkì lọ bá ìfun. Bó bá dúdú, ó ti jóná nìyẹn, kòkòrò ò ní rí i lò, ìfun náà ò ní rí i lò.

Ẹ dín kúlíkúlí kù sí ìdajì kílò. Ẹ po èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kílò 30, èérí àlìkámà 30, PKC (èérí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀) 25, kúlíkúlí 12, egungun lílọ̀ 2, iyọ̀ 1. Ó máa tó pùròtéènì 16%. Ẹ jọ̀ PKC kí èésan kúrò. Koríko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn, lẹ́yìn náà kílò 1 oúnjẹ pípò yìí fún lítà 2 wàrà tí màlúù ń mú wá lójúmọ́, kẹ́ ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 yí wọn sí i. Àgúnmániyè tó wà lára ọgbà yín náà wúlò. Ẹ gé e, kó sun ọjọ́ kan kó rọ, kẹ́ ẹ tó fún wọn.

Kúlíkúlí tó bá ti bu, ẹ jù ú nù. Májèlé aflatoxin inú rẹ̀ máa ń bá wàrà jáde, sísè ò sì ń pa á, àwọn ọmọ yín ló máa mu ún.

Tí màlúù mẹ́rin bá dùbúlẹ̀, ó kéré tán kí méjì máa jẹ àpọ̀jẹ. Kí ìgbẹ́ balẹ̀ pọ̀ọ̀, kó ga tó ìka méjì, kó má ṣàn. Bó bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn ọjọ́ 5 tẹ́ ẹ ti dín kúlíkúlí kù, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò aràn.