Àbúrò mi ní Kétu, má fi tipátipá dúpẹ́

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ. O ní àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ ẹ, alàgbà wá ń sọ pé àìmoore ẹ ni kò jẹ́ kó dìde, pé kó o wá ṣe ìdúpẹ́ nígbà ìkórè. O ní ṣé kó o lọ ni àbí kó o má lọ. Inú bí mi gan-an. Irú ẹ̀ ni wọ́n sọ fún èmi náà níbí ní Àjàṣẹ́ nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi dùbúlẹ̀.

Ilé ìwòsàn nìkan tó ìyà. Ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, omi tí wọ́n ń fà sí i lára, àfi kó o rà á wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì kan ju ìwé oògùn lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n kúrò lójú ọ̀nà. Mo gun zémìjàn, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, lóru, mo ń wá fàmásì tó ṣì ṣílẹ̀ kiri. Mo ta aṣọ, mo ta ìkòkò ńlá tí mo fi ń se ìrẹsì tà. Tí mo bá fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, á gba ẹ̀gbẹ́ òsì ṣàn jáde, á dé ọrùn. Mo á nù ún, mo á tún bu òmíràn. Ó kàn ń wò mí ṣáá. Orin ọpẹ́ wo ni mo fẹ́ kọ? Ibẹ̀ ni alàgbà ìjọ tiwa bá mi, kò tiẹ̀ jókòó: "Ìyá, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ fi pamọ́?"

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù gan-an sàn jù ú lọ! Ọ̀sán 7, òru 7 ni wọ́n fi bá a jókòó nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́, Ọlọ́run sì bínú sí wọn ní orí 42. Bẹ́ẹ̀ Jóòbù tó ti fi ọjọ́ ìbí ara ẹ̀ ré ni Ọlọ́run ní ó sọ òótọ́. Sáàmù 88 náà, inú òkùnkùn ló parí sí. Òun ni mò ń kà sókè lẹ́bàá ibùsùn.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn yẹn, Mùsùlùmí ni, ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò bi mí ní nǹkan kan. "Olúwa, o ṣé" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ọkọ mi ò tíì lè gbé ọwọ́ nígbà yẹn o.

Ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta òróró àdúrà lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá ní kí ọkọ ẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ààwẹ̀, lé e jáde, nítorí àrùn yẹn lè tún padà kọlù ú. Máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní wákàtí 2-2, kí egbò má dá sí i ní ìdí.

Ẹn-ẹ́n, ìkórè tó o béèrè. Tó bá wù ẹ́, lọ jókòó sẹ́yìn, má gba máíkù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ò bá wù ẹ́, dúró ti ọkọ ẹ. Tí alàgbà bá wá bèèrè ẹ, ní kó wọlé wá bá ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì.