Ṣé ẹni tó lọ sí Las Vegas lè dín ìrun kù?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùn, Ààfáà wa. Houston ni mò ń gbé. Wọ́n fẹ́ so yìgì àbúrò mi obìnrin ní Las Vegas. Ọ̀sán Jímọ̀ la ó dé ibẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè la ó padà. Alhaja ìyá wa ní ká mú òun lọ wo Fremont Street, àdúgbò àtijọ́ tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ìlú tẹ́tẹ́ yẹn, Ọlọ́hun kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì ọjọ́, kò sì gbọdọ̀ dín ìrun kù níbẹ̀, ìyẹn ni pé kó kí ìrun rákà mẹ́rin ní méjì bíi arìnrìn-àjò. Ẹlòmíràn ní kò sí nǹkan kan, pé bí èèyàn bá fi dọ́là kan ṣeré nídìí ẹ̀rọ, kò di ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Wàálékùmù sàlámù. Ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ gbé hádíìsì kúrò níbi tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, gbé e sí. Ogójì ọjọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mu ọtí ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wọ́n tún sọ ogójì òru fún ẹni tó lọ bi aláfọ̀ṣẹ léèrè. Ó dùn mí gan-an pé àwọn tó ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ aláfọ̀ṣẹ lóru ni hádíìsì yìí bá wí, a kì í fi kìlọ̀ fún wọn, ẹni tó ń lọ síbi yìgì àbúrò rẹ̀ la wá ń fi dẹ́rù bà. Àdádáálẹ̀ ni kéèyàn fún ilẹ̀ ní ìdájọ́ tí Ọlọ́hun kò fún un. Ọ̀nà rélùwéè ló bí Las Vegas. Lọ́jọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1905 ni wọ́n ta ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbàǹjo. Ọdún 1931 ni òfin ìpínlẹ̀ Nevada tó tún fàyè gba tẹ́tẹ́. Ìwà àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ la ń bá wí.

Ẹ̀rí rẹ̀ rèé: Ibn Abbas, ọ̀kan lára àwọn sàhábà tó bá Ànábì gbé ayé, sọ fún wa pé Ukaz, Majanna àti Dhul-Majaz jẹ́ ọjà ayé àìmọ̀kan ṣáájú Ìsìláàmù, àwọn sàhábà sì ń kó ara ró láti ṣòwò níbẹ̀ títí Ọlọ́hun fi sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn láti wá oore Olúwa wọn.

Ọ̀rọ̀ dídín ìrun kù gan-an ló gba àlàyé. Ní mádhábì (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Imaamu Màlíkì, tí àwọn àgbà kọ́ wa nílé kéwú, onímọ̀ tó ń jẹ́ Khalil sọ nínú ìwé òfin rẹ̀, Mukhtasar, pé súnnà ni dídín ìrun kù fún arìnrìn-àjò tí kò fi ìrìn-àjò náà ṣẹ Ọlọ́hun, tí kò sì fi ṣeré lásán. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ tán. Àwọn onímọ̀ wa ya ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nílé sọ́tọ̀ sí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ lẹ́nu ìrìn-àjò. Ẹni tó wọ bàálù torí àtita tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ dín ìrun kù títí yóò fi túúbá. Rákà mẹ́rin ni yóò máa kí, ìrun náà sì jẹ́ ọ̀ranyàn lé e lórí. Ẹni tó jáde torí yìgì tàbí torí iṣẹ́, tí èṣù wá fà á débi tẹ́tẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ yóò dín ìrun kù, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló gbé e jáde. Ẹni tó jáde torí ìgbafẹ́ nìkan ńkọ́? Wọn kò fẹ́ kó dín in kù, àmọ́ bó bá ti dín in kù, kò ní tún un kí. Imaamu Abu Hanifa, tó ni mádhábì mìíràn, ní tirẹ̀ ní gbogbo arìnrìn-àjò ló ń dín in kù, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Nítorí náà ẹ má bá ará Pakistan tàbí Turkey, tí púpọ̀ wọn ń tẹ̀lé Abu Hanifa, jà lórí rẹ̀.

Okùn ẹbí ni ẹ ń lọ so. Ọ̀nà yín ju máìlì 48 tí mádhábì wa fi ṣe òdiwọ̀n ìrìn-àjò lọ dáadáa, ẹ kò sì ní lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko, tí àlejò fi ń di onílé, níbẹ̀. Ẹ dín ìrun kù, ẹ má ṣe iyèméjì. Àyàfi bí ẹ bá kí i lẹ́yìn imaamu onílé, bóyá ní Masjid As-Sabur tí kò jìnnà sí àdúgbò Fremont Street: ẹ bá a kí i pé. Bí Alhaja bá sì fẹsẹ̀ kan Fremont Street, ìyẹn kò sọ ìrìn-àjò yín di ti eré.

Ẹni tó ní kí ẹ fi dọ́là kan ṣeré, inú bí mi sí i. Ànábì ní ẹni tó bá sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé "wá ká ta tẹ́tẹ́", kó ṣe sàráà. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bá gba sàráà, kí ni ká sọ nípa ẹni tó ti owó bọ ẹ̀rọ? Bébà tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ń fún àlejò láàyè láti lo ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́tẹ́ náà ni. Ẹ dá a padà fún wọn.

Ẹ mú ìyá yín lọ láàárọ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n tan iná sí òrùlé tí wọ́n fi bo títì náà láti 1995, ọtí àti ìhòòhò á gba ojú títì kan. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1933, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa àwọn ọ̀daràn, wà nítòsí. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Kí ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, nítorí pé àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ lèèyàn ń gbà dé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí kò sí ọ̀nà míì, ẹ gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má dúró wòran.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.