Ẹ Bi Ìyá Káńsù: Ibo Gan-an Ni Ìwé Náà Wà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé sí mi, mo kí yín o. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo fà yọ lọ́tẹ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ kan náà ló so wọ́n pọ̀: èèyàn ń wá àkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ń rán an láti tábìlì dé tábìlì. Nídìí iṣẹ́ yẹn ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, níbi tí a ti ń kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀ ní káńsù nílùú Ìbàdàn yìí. Ó máa ń dùn mí wọnú eegun tí mo bá gbọ́ pé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé kan wá a títí, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi fẹ́ relé ọkọ. Ọkùnrin náà sọ fún wa pé òun ti fẹ́yàwó rí l'Ékòó, pé àwọn ti tú ká. Wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó kóòtù ní káńsù kan nígboro. Ẹnì kan wá ń sọ fún mi pé ìyàwó àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Mo lọ sí káńsù, wọ́n ní àwọn kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà fún ará ìta. Ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe ni? — Ìyá Ìyàwó, Ìbàdàn*

Ìyá Ìyàwó, ẹ má mikàn, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe wà. Ẹ padà lọ, kí ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé Ìwé Ìkéde Ìgbéyàwó lẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ dárúkọ ìwé náà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní "ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ mi", akọ̀wé tó wà níbẹ̀ á rò pé ìjà ilé lẹ gbé wá.

Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà sọ ọ́ kedere. Tí ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó bá ti mú fọ́ọ̀mù ìkéde wá, rẹ́jísítírà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá yẹn, kó sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn ìta ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè wo ìwé náà lákòókò iṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Torí irú ẹ̀yin yìí gan-an ni wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ síta.

Tí wọ́n bá ṣí i fún yín, ẹ fara balẹ̀. Ẹ máa rí orúkọ àwọn méjèèjì, iṣẹ́ wọn, ọjọ́ orí wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹ máa tún rí ibi tí wọ́n ti béèrè ipò ẹni: ṣé àpọ́n ni, ṣé ìyàwó rẹ̀ kú ni, àbí kóòtù ló tú wọn ká. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìka sí. Ọkùnrin tó ti sọ fún yín lójúkojú pé òun gbéyàwó rí, tó wá kọ "àpọ́n" síbẹ̀, ẹ ní ìbéèrè láti bi í. Ó lè jẹ́ pé ìdána nìkan ló ṣe lọ́dọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́, tí kò dé rẹ́jísírì, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, rárá. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Àkókò ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìkéde kí rẹ́jísítírà tó fún wọn ní ìwé àṣẹ. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní ìdí gidi lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró: á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn nínú ìwé yẹn pé òun dá a dúró, á kọ orúkọ ara rẹ̀, ibi tó ń gbé àti ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, rẹ́jísítírà kò ní í lè fún wọn níwèé mọ́ títí adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga á fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi "wọ́n ní, wọ́n pé" ṣe é. Adájọ́ lè ní kí ẹni tó dá ìgbéyàwó dúró lásán sanwó gbà-má-bínú.

Ní ti ìyàwó Èkó, ìwé ìgbéyàwó kì í bá ọkọ kó ẹrù. Ibi tí wọ́n ti ṣe é ló wà. Ẹ bi ọkùnrin náà pé rẹ́jísírì wo, ọdún wo. Rẹ́jísírì Ìkòyí wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn káńsù Èkó náà ní tiwọn, ìwé ibì kan kò sì sí nínú ìwé ibòmíràn. Tí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ṣe é, òfin ní kí àlùfáà fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí rẹ́jísítírà àdúgbò láàárín ọjọ́ 7, torí náà ẹ lè wá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa wá a sí, wọ́n á gbowó ìwáwèé lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní àwọn ti tú ká. Ẹ ní kó mú ìwé tó tú wọn ká wá. Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ló ń tú ìgbéyàwó rẹ́jísírì. Bí ó bá jẹ́ ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ni ó gbé wá, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn lọ́kọláya ní kóòtù Mápó, ìgbéyàwó tí a ṣe nílànà ìbílẹ̀ nìkan ni ìyẹn lè tú. Bákan náà, ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì: ti àkọ́kọ́ á dúró fún oṣù 3 kó tó di àṣekágbá. Àṣekágbá yẹn lẹ fẹ́ rí. Nọ́ńbà ẹjọ́ á wà lórí rẹ̀, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù tó ti jáde kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí obìnrin tó jókòó níwájú mi, tó ti ran aṣọ, tó ti pe èèyàn, tí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ń yí fáìlì lọ́wọ́ pé ìwé yẹn "wà lọ́dọ̀ lọ́yà". Ẹ má gbà kí wọ́n fi lọ́yà dá ọmọ yín dúró.

*Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Bàbá mi ń sún mọ́ 70 ọdún, Yemẹtú ni wọ́n bí wọn sí. Wọn kò ní ìwé ọjọ́ orí kankan. Ohun tí ìyá wọn máa ń sọ ni pé òun bí wọn ní ọ̀sẹ̀ tí Adélabú kú. Káńsù wo ni mo máa lọ láti gba ìwé wọn? — Ọmọ Yemẹtú, Kánádà*

Ọmọ mi, ìyá àgbà ti bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Adégòkè Adélabú, gbajúmọ̀ olóṣèlú Ìbàdàn, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958. Nítorí náà o ti ní ọdún, o ní oṣù, o sì ní ọ̀sẹ̀. Báyìí ni àwọn àgbà wa ṣe tọ́jú ọjọ́ orí. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá, 1956 nìyẹn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, oṣù kẹwàá 1959. Ọdún tí a kúrò lọ́wọ́ òsì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, 1972. Omíyalé, tí Ògùnpa gbé èèyàn àti ilé lọ, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Má fojú kéré ẹ̀ o. Jókòó ti bàbá rẹ lórí fóònù kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí ìyá wọn wí, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Káńsù tí ò ń bi mí yìí, kò tíì sí nígbà yẹn. Ọdún 1991 ni wọ́n pín ìgboro Ìbàdàn sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún. Kó tó di ìgbà náà, abẹ́ ìṣàkóso kan ṣoṣo ni gbogbo ìgboro wà. Lónìí, Ìbàdàn North, tó wà ní Agodi, ló ni Yemẹtú. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ tó ní kí wọ́n fa ìwé 1958 yọ, kó má yà á lẹ́nu tí wọ́n bá ń wo ojú rẹ̀.

Ibi tí màá kọ́kọ́ rán ọ lọ ni ilé ìwòsàn. Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtú nígbà náà. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, pẹ̀lú ti ṣí ní 1957. Bí ó bá jẹ́ ilé ni wọ́n bí bàbá rẹ sí, béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún wọn. Ìwé ìrìbọmi kì í kéré: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, iṣẹ́ bàbá, àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ìwé ńlá ni, ìlà lórí ìlà, tádàwà rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, ikán sì lè ti mú ìgun rẹ̀ kan lọ. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, àlùfáà tó sọ wọ́n lórúkọ lè ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí ẹni tí o rán lọ bá ń wá orúkọ, kó má fi bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín lónìí wá a. Orúkọ bàbá ọmọ gan-an ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣe orúkọ ìdílé nígbà náà, tí ẹ̀yin òde òní sì ń jẹ́ orúkọ bàbá-bàbá. Akọ̀wé kan á kọ "Situ", òmíràn á kọ "Shittu", Ìbàdàn náà sì ni àwa tí a máa ń fi "s" àti "sh" rọ́pò ara wọn. Kó wo gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, kó sì wo oṣù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí a kò bá rí ìwé kankan, àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, ló kàn. Òfin ọdún 1992 ni wọ́n fi ń forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìpìlẹ̀ 1999 kọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí òṣìṣẹ́ NPC tó jókòó nínú ọgbà káńsù, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù. Àgbàlagbà tí wọ́n bí ṣáájú 1992, ìwé ìjẹ́rìí ìbí ni wọ́n ń fún un. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí ẹbí tó dàgbà ju bàbá rẹ lọ kọ́kọ́ búra ní kóòtù, kó sọ bí ó ṣe mọ ọjọ́ náà. Kó dárúkọ Adélabú nínú ìbúra yẹn.

*Mo fẹ́ ra ilẹ̀ ní apá Ìdí-Àyùnrẹ́. Ṣé káńsù lè sọ ẹni tó ni ín fún mi? — Oníléèlẹ̀, Òkè-Àdó*

Bí ilẹ̀ náà bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, tàbí ìwé àdéhùn tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, káńsù kọ́. Iléeṣẹ́ ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, ni ẹ ti máa sanwó kí wọ́n wá a, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ẹni tó ń tà á. Káńsù ń wọ̀ ọ́ tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú yín, torí òfin ilẹ̀ 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fi í sílẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ìgboro. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, olórí ìdílé tó ni ilẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní kóòtù bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

*Ẹ ṣé tẹ́ ẹ̀ ń là wá lọ́yẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó àwọn òbí mi ni mò ń wá, àwọn méjèèjì ti di olóògbé. Ẹni tó wà lórí tábìlì ní kí n wá lọ́la, lọ́la ò sì tán. Ẹnì kan níta wá ní òun á bá mi gbà á lọ́jọ́ kan náà. — Àkọ́bí, Mọ́kọ́lá*

Àkọ́bí, jọ̀ọ́, má fún ẹni tó wà níta lówó. Ohun tí irú wọn ń kó fún èèyàn, òǹtẹ̀ ayédèrú ló máa ń wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí o bá gbé e dé kóòtù lórí ogún àwọn òbí rẹ ni wàá mọ̀.

Kọ lẹ́tà. Kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà káńsù náà, kó jẹ́ pé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 lo fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni òfin yẹn fún wọn láti dá ọ lóhùn. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un tó bá nídìí. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Tẹ́lẹ̀, àwọn kan máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti parí àríyànjiyàn yẹn ní 2025: ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Òfin yìí kò ṣí gbogbo nǹkan o. Fáìlì ilé ìwòsàn ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ owó orí rẹ̀, irú ìwọ̀nyẹn ṣì jẹ́ ti onítọ̀hún, mo sì fara mọ́ ọn. Ti ìgbéyàwó kò sí lára wọn.

Tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Mú kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ọ̀kan, kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀, kí o mú èkejì lọ sílé. Kọ orúkọ àwọn òbí rẹ méjèèjì sínú rẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá rẹ kó tó lọ́kọ, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ọdún tí o rò pé ó jẹ́. Tí o kò bá mọ ọdún náà, wo ẹ̀yìn fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Àwọn ayàwòrán ayé ìgbà náà máa ń lu òǹtẹ̀ síbẹ̀.

Tí wọ́n bá rí i, ẹ̀dà tí òfin ẹ̀rí mọ̀ ni kí o gbà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti kọ ọ́ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, ipò rẹ̀ àti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i. Yẹ ìwọ̀nyẹn wò ní ojú wọn kí o tó kúrò nídìí tábìlì, kí o sì gba rìsíìtì káńsù fún owó tí o san. Bí ọjọ́ 7 bá pé tí o kò gbọ́ nǹkan kan, fi ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, màá sọ ibi tó kàn.