Ẹ Bi Mí: Ibo ni wọ́n ti ń jókòó mu kọfí ní Àgbádárìgì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Faransé ló gbé mi wá sí Àjárá ní Àgbádárìgì níbí, oṣù kẹrin rèé. Nílé, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kafeteríà ìkóríta wa ni mo máa ń lọ: kọfí oníwàrà, búrẹ́dì gígùn, ẹyin díndín, kí n gbọ́ ìròyìn àdúgbò kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Níbí, mo wá irú rẹ̀ tì. Ilé ọtí ni mò ń rí, èmi kì í sì í mutí. Ṣé kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú àjò. Ó wà. Kò ní pátákó ni, ìyẹn lẹ ṣe ń kọjá lára rẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n tò sórí tábìlì ni kẹ́ ẹ máa wò, agolo mílíìkì tó gun ara wọn, kẹ́tùlù dúdú lórí èédú, àti bẹ́ńṣì kan. Máláà onítíì nìyẹn, tí àwọn Haúsá ń pè ní mai shayi. Ìdí gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wá a, torí àwọn awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kì í dúró de oúnjẹ ilé.

Èmi náà ti ṣe ọ̀làjú rí. Mo wọ ilé ìtura kan létí ọ̀sà, mo ní kí wọ́n fún mi ní kọfí. Wákàtí kan gbáko! Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sáṣẹ́ẹ̀tì Nescafé méjì ni wọ́n gbé wá, wọ́n ní kí n pò ó fúnra mi. Owó yẹn ì bá bọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Máláà.

Tiẹ̀, ojú yín ni yóò ti ṣe é. Yóò máa da tíì láti kọ́ọ̀pù dé kọ́ọ̀pù, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, títí yóò fi yọ ìfófó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tutù, tí mílíìkì sì ń wọ inú ẹ̀ dáadáa. Kọfí rẹ̀, Nescafé ni (ẹ má bínú, èyí tí mo mu ní Àjàṣẹ́ náà, Nescafé ni). Ó ń din ẹyin, ó ń se Indomie. Búrẹ́dì gígùn nìkan lẹ máa ṣàárò rẹ̀; tiwa rọ̀, ó sì dùn, ẹ kàn máa rì í bọ tíì ni.

Ẹ wo garawa tó fi ń ṣan kọ́ọ̀pù o. Bí omi inú rẹ̀ bá ti pọ́n bíi tíì, ẹ rọra dìde. Èmi ń gbé kọ́ọ̀pù tèmi lọ.

Ní ti ìròyìn, àárọ̀ kọ́. Láàárọ̀, kálukú ń sáré mu tiẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìrun Ìṣà ni bẹ́ńṣì máa ń kún, tí wọ́n á máa jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹ fi èdè Ẹ̀gùn kí wọn. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ níbí àti ní Àjàṣẹ́, wọ́n á sún fún yín. Bó bá sì jẹ́ oṣù Ààwẹ̀, ẹ má wá Máláà lọ́sàn-án. Ó di àṣálẹ́ kó tó dáná, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di sààrì.

Ohun kan ṣì kù: ṣúgà. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ tètè sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ á ti wà nínú agolo.