Ṣé ká fo àwọn apá One Piece tí wọ́n fi ń polówó fíìmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, la jọ ń wo One Piece, eré àwòrán àwọn ará Japan nípa àwọn ajalèlókun, lálaalẹ́ tí a bá jẹun tán. A ti dé ibi tí Luffy, ọ̀gá ọkọ̀ tí eré náà dá lé lórí, ti wọ ẹ̀wọ̀n Impel Down lọ láti gba Ace ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ará ọkọ̀ rẹ̀ sì ti fọ́n ká, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹnìkejì wà. Bí a ṣe ṣí apá 426 báyìí, gbogbo wọn tún ti pé sínú ọkọ̀! Mo rò pé nọ́ńbà ló dàrú. Ọmọ ní filler ni, kí a fò ó. Èmi ò fẹ́ fo ohun tí a máa padà wá wá kiri lọ́la. Kí ni ká ṣe? Ìyá kan ní Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa, tí ẹ bi mí kí ẹ tó fò ó. Nọ́ńbà yín ò dàrú. Apá 426 títí dé 429 ni wọ́n ṣe láti fi ṣí ọ̀nà fún fíìmù Strong World, tó wọ ilé sinimá ní Japan ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 2009. Òótọ́ lọmọ yín sọ pé filler ni, torí kò sí nínú ìwé àwòrán tí Eiichiro Oda ń yà, èyí tí wọ́n ti mú eré náà jáde. Ṣùgbọ́n fíìmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíì: Oda fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn Strong World.

Ohun tó rú yín lójú ni àkókò. Ohun tí ẹ rí ní apá 426 kò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Luffy wọ ẹ̀wọ̀n. Ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, nígbà tí wọ́n kúrò ní Thriller Bark tí Brook sì ti di ọ̀kan lára wọn, kí wọ́n tó dé Sabaody níbi tí ọ̀tá wọn, Kuma, ti fọ́n gbogbo wọn ká ní apá 405. Ìgbà yẹn náà ni fíìmù bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìtàn tò lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́yìn apá 384 ló yẹ kó ti wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tó wọ 385. Ẹ̀yin ti kọjá ibẹ̀, kò sì burú.

Kí ló dé tí wọn ò wá fi í síbẹ̀ nígbà náà? Iṣẹ́ títo fíìmù (editing) ni mò ń ṣe, eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo ti tò, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Oṣù Keje ọdún 1997 ni One Piece bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Weekly Shōnen Jump, orí kan lọ́sẹ̀ kan, ojú ìwé bíi 17 sí 19. Ilé iṣẹ́ Toei Animation bẹ̀rẹ̀ ti tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, ọdún 1999, òun náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 24 pẹ̀lú orin ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Ẹni méjì ló ń rin ọ̀nà tóóró kan náà. Bí ẹni ẹ̀yìn bá yára, yóò tẹ ẹni iwájú ní gìgísẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí Naruto, eré àwòrán Japan mìíràn: láti apá 136 títí dé 220 tí ti àkọ́kọ́ parí sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé filler ni gbogbo rẹ̀, wọ́n ń dúró de ìwé.

Èyí tí wọ́n ń ṣe nítorí fíìmù ní ọ̀gá mìíràn lórí. Ọjọ́ tí fíìmù yóò jáde ló ń pàṣẹ fún un. Ẹ wo ọjọ́ wọn: Film: Z, 15 oṣù Kejìlá 2012. Film: Gold, 23 oṣù Keje 2016. Stampede, 9 oṣù Kẹjọ 2019. Film: Red, 6 oṣù Kẹjọ 2022. Ìgbà tí ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé ti wọlé, tàbí tó ti sún mọ́lé, ni wọ́n máa ń yàn. Bí ọjọ́ yẹn bá ti ń kanlẹ̀kùn, ibi yòówù kí ìtàn ńlá wà, wọ́n á dá a dúró díẹ̀. Ní ti Strong World, inú ẹ̀wọ̀n ló bá Luffy.

Irú rẹ̀ ti dé ọwọ́ mi rí. Ilé iṣẹ́ kan ní kí a ti ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ wọn bọ àárín eré wa, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni adájọ́ fẹ́ dájọ́ fún ọmọbìnrin tí gbogbo olùwòran ń ṣàánú. Òru mẹ́ta ni mo fi wá ibi tí mo lè là á sí. Kò sí. A fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì bínú. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tó dára jù láti la ìtàn ni ìgbà tí ẹni náà ti kúrò ní ìlú kan tí kò tíì dé òmíràn. Àwọn tó ṣe One Piece náà mọ̀ ọ́n, bí ọjọ́ bá gbà wọ́n láyè. Erékùṣù Àwọn Èèyàn-Ẹja parí ní apá 574, Punk Hazard bẹ̀rẹ̀ ní 579, mẹ́rin tó wà láàárín ni wọ́n fi polówó Film: Z. Dressrosa parí ní 746, Zou bẹ̀rẹ̀ ní 751, mẹ́rin tó wà láàárín di ti Film: Gold. Ẹ ó gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé ẹ kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tiyín, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe máa ń fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ọ̀tá inú Strong World ni Shiki, Kìnnìún Oníwúrà. Sítíárìn ọkọ̀ ojú omi há sí i lágbárí, ó dúró gbagidi bí ogbe àkùkọ. Kò ní ẹsẹ̀, idà méjì ló fi ń rìn. Ìdí tí kò fi ní ẹsẹ̀ ni pé Impel Down, ẹ̀wọ̀n tí Luffy wà lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí, ni wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ nígbà kan, ó sì gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó tó sá jáde. Ìdádúró yẹn bọ́ sí ibi tí kò dáa lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n kan náà ló so méjèèjì pọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí apá mẹ́rin náà ti ṣẹlẹ̀. Erékùṣù kan ni, Little East Blue, tí wọ́n kọ́ kó lè jọ East Blue, òkun tí wọ́n bí Luffy sí. Largo, ajalèlókun tó ń fi àwọ̀n jà tó sì ń sin Shiki, wá kọlu ìlú náà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ kò bá mọ̀ tí fíìmù kò fi ní yé yín. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, East Blue gan-an ni Shiki fẹ́ pa run. Ọmọ tó ti ń wo eré yìí fún ọgọ́rùn-ún mẹ́rin apá lè ti gbàgbé bí ilé Luffy ṣe rí. Apá mẹ́rin yẹn rán an létí, kí ọ̀rọ̀ ìparun tó jáde lẹ́nu Shiki. Bí mọ́tò tó ń fi gbohùngbohùn polówó eré bá dé àdúgbò, orúkọ eré àti iye owó ìwọlé ló máa ń pè. Èyí ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó mú yín lọ bá àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe níbi kí wọ́n tó ṣe wọ́n níbi.

Ohun tí mo fi ń wọn gbogbo wọn nìyẹn. Bí filler fíìmù bá fún mi ní ẹnì kan tàbí ìlú kan tí mo lè fẹ́ràn, mo wò ó. Bó bá jẹ́ ọ̀tá kékeré kan ni wọ́n fi dí àyè títí a ó fi dé ilé sinimá, mo fò ó. Ti Film: Z dá lórí ọmọbìnrin òmìrán kan, Lily, tó lè sọ ara rẹ̀ di kékeré, tó ń wá bàbá rẹ̀. Eré ọmọdé tó dùn ni, ṣùgbọ́n Z fúnra rẹ̀, ọ̀tá inú fíìmù náà, kò jinlẹ̀ sí i nínú rẹ̀, fíìmù dá sọ ti Z délẹ̀. Ti Film: Gold àti ti Stampede, apá 895 àti 896, ẹ lè fò wọ́n.

Apá 1029 àti 1030 ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Àárín ogun Wano ni wọ́n bọ́ sí, mo sì mọ̀ pé ọmọ yín á bínú. Luffy tún di ọmọdé ní abúlé Foosha, ọkọ̀ Shanks, ajalèlókun tí Luffy fẹ́ràn, gúnlẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan tí irun rẹ̀ pín sí pupa àti funfun sì bọ́ sílẹ̀. Uta, ọmọ tí Shanks tọ́ ni. Àwọn ọmọ méjèèjì ń figagbága ṣáá, kò sẹ́ni tó gbà pé ẹnìkejì borí òun. Nígbà tí ẹ bá dé inú Film: Red tí Uta ti di olórin tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ òsì: àwòrán tó wà níbẹ̀, tó rí wọ́gọwọ̀gọ, akẹtẹ̀ Shanks ni. Luffy ló fi ọwọ́ ọmọdé yà á fún un. Ẹni tó ti wo apá méjèèjì kò ní wo àwòrán yẹn bí ẹni tí kò wò ó.

Ẹ ó máa dá irú wọn mọ̀ fúnra yín bó bá yá. Bí ìtàn bá já lójijì, tí ọgbẹ́ ti jinná lára gbogbo èèyàn, tí ẹni tí ẹ kò rí rí sì ń pàṣẹ, ẹ wo oṣù tí apá náà kọ́kọ́ jáde. Oṣù Keje, Kẹjọ, Kọkànlá tàbí Kejìlá ni yóò sábà jẹ́.

Fún alẹ́ yìí, ẹ sọ fún ọmọ pé Ace kò lọ ibì kankan. Ẹ wo 426 dé 429 láàárín alẹ́ méjì, kí ẹ wo Strong World ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí kò sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, kí ẹ wá ṣí 430. Inú ẹ̀wọ̀n, níbi tí ẹ fi Luffy sí gan-an, lẹ ó ti bá a.